Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́? Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀gá ná

Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ báyìí, ohun àkọ́kọ́ tó máa bèèrè ni pé iṣẹ́ wo ló ń mówó wọlé jù. Ẹnì kan á ní kó lọ kọ́ sólà, ẹlòmíì á ní táìsì ni, ẹlòmíì á ní AC, àwọn kan á ní kó gba Computer Village lọ kọ́ fóònù títúnṣe. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ló dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n ohun témi rí ni pé ọ̀gá tẹ́ ẹ bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló máa sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe máa rí lọ́wọ́ yín. Ẹ wo àwọn méjì tó kọ́ iṣẹ́ iná ládùúgbò kan náà, tí wọ́n gba fírídọ̀mù lọ́dún kan náà, ọ̀kan ò ráyè, wọ́n ń pè é láti Ìbàdàn títí dé Lẹ́kí, èkejì jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ó ń retí kí fúúsì ẹnì kan jó. Tẹ́ ẹ bá tọpa ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ ló ti yàtọ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó wá ọ̀gá, ẹ wo ara tiyín náà, torí ara la fi ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ń to táìsì, orí eékún ló ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wẹ́dà tí kì í lo ìbòjú, ojú á máa ta á lóru bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, kò ní lè sùn. Oníná máa wọ inú sílìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí páànù òrùlé ti gbóná janjan, pẹ́ńtà ń fa òórùn tínà símú lójoojúmọ́, ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó má lọ síbẹ̀ rárá. Tí ibi gíga bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ má kọ́ sólà, orí òrùlé niṣẹ́ ẹ̀ wà. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù bíi ká máa wé kọ́ìlì ẹ̀rọ tó ń fa omi tàbí ká máa ṣe sófà máa bá a lára mu ju èyí tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn ilé onílé lọ. Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò ní kọ̀ tẹ́ ẹ bá ti kí wọn dáadáa, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹ bá wọn gbálẹ̀, ẹ bá wọn gbé irin, ẹ má ṣe bí àlejò. Tó bá jẹ́ pé aago lẹ ń wò ṣáá, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀.

Nípa iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa mú, ẹ wo ohun tó ń lọ láyìíká yín, ẹ má wo TikTok nìkan. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ni ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gan-an ti ń sá fún un, ó wá di oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 lórí yúníìtì kan, ni gbogbo ilé bá ń bèèrè sólà. Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn máa sáré kọ́ sólà lọ́sẹ̀ méjì nìyẹn, wọ́n á gba sátífíkéètì, wọ́n á gorí òrùlé olórùlé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ sólà láìkọ́ wáyà ilé. Ínfátà 5kVA tó bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára lórí bátìrì 48 fóòtì, kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà lára bátìrì yẹn á tó ámpù 100, tí wáyà ò bá nípọn tó tàbí tí bóòtì kan ò bá le dáadáa, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí á fi jó, ilé á sì bá a lọ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kọ́ lọ́sẹ̀ méjì.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì náà ti kúrò níbi táwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n sí. Mọ́tò kéékèèké tí wọ́n bá ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 gbọ́dọ̀ ní OBD2, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ń ki síkánà bọ̀ kó lè sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tí à ń gùn sì rèé ibẹ̀ ló ti wá, torí náà ọ̀gá tí kò ní síkánà ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé ó kàn ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń pààrọ̀ páàtì kan tẹ̀lé kan títí á fi bọ́ sí i, owó kọ́sítọ́mà ló fi ń kọ́ṣẹ́. Oní-AC náà bẹ́ẹ̀. Gáàsì R22 àtijọ́ ti ń lọ, R410A àti R32 ló wà nínú àwọn tuntun, R32 sì lè gbaná, ẹ wá wo ẹni tí kò mọ̀ tó ń jó páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò pariwo: pọ́lọ́ńbà, ẹni tó ń wé kọ́ìlì, ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn irin. Lójú tèmi àwọn yẹn lẹ lè jẹ lára ẹ̀ pẹ́ jù, torí kò sí ilé tí omi ò ní jò lọ́jọ́ kan, pọ́lọ́ńbà tó máa dé lásìkò tó sì máa ṣe é tán ṣọ̀wọ́n.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àwọn tó ti gba fírídọ̀mù lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹni méjì mẹ́ta, ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà báyìí, ṣé iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń ṣe. Ọ̀gá tó ti kọ́ ọmọ rẹpẹtẹ tí kò sí ìkankan nínú wọn nídìí iṣẹ́ náà mọ́, nǹkan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Èyí tó ti lo ọdún 2, kí ló ń ṣe? Ṣé irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ àbí ó ṣì ń lọ ra àmàlà, ó ń lọ mú àwọn ọmọ ọ̀gá wálé láti ilé ìwé, ó ń fọ mọ́tò? Kò sóhun tó burú nínú ká ránni níṣẹ́ o, bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ wa nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀ á pọnmi, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni fún ọdún 2, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kì í ṣọmọ iṣẹ́.

Ẹ wá wo ọwọ́ ọ̀gá fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ oníná, ẹ ṣọ́ ohun tó ń ṣe kó tó fọwọ́ kan wáyà. Èyí tó mọṣẹ́ á pa bírékà, kò tíì ní fọwọ́ kàn án o, á mú tẹ́sítà, á kọ́kọ́ fi kan ibi tó mọ̀ pé iná wà kó lè rí i pé tẹ́sítà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, á wá fi kan wáyà tó fẹ́ tú, á tún dá a padà síbi tí iná wà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ ò ní tàn, èèyàn á rò pé wáyà ti kú, ibẹ̀ niná ti ń gbé àwọn oníṣẹ́. Ẹ tún wo bó ṣe ń so súwíìṣì. Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba ara súwíìṣì kọjá, kì í ṣe nútíráà, wáyà tó ń gbé iná padà. Tí wọ́n bá gbé nútíráà gba súwíìṣì, gílóòbù á tàn, á sì kú bó ṣe yẹ, onílé ò ní fura, ṣùgbọ́n iná ṣì wà lẹ́nu hódà nígbà tí súwíìṣì wà ní pípa, ọjọ́ tí ọmọ ilé bá gorí àga láti pààrọ̀ gílóòbù lọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ. Ọ̀gá tó bá ń ṣàlàyé irú èyí fáwọn ọmọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í, ẹ dì mọ́ ọn. Ẹ lè bi òun náà pé kí ló dé tó fi ń lo wáyà 1.5mm² fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó wá lo 4 tàbí 6 fún ẹ̀rọ tó ń gbomi kaná. Tó bá ní bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn, kò burú. Tó bá lè sọ fún yín pé bí nǹkan bá ṣe ń fa iná tó ni wáyà ṣe ń nípọn tó kó má baà gbóná nínú ògiri, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Tó bá jẹ́ táìsì, ẹ ní kó mú yín lọ síbi tó ti ṣe lóṣù bíi mẹ́ta sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fìka kan táìsì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń dún gbòkògbòkò, simẹ́ǹtì ò dé gbogbo abẹ́ ẹ̀, kò ní pẹ́ tó máa ṣí. Ẹ wo igun yàrá àti ẹnu ọ̀nà, torí àárín ilẹ̀ rọrùn fún gbogbo èèyàn, ibi tí wọ́n ti ní láti gé táìsì la ti ń mọ ẹni tó gbọ́ṣẹ́.

Ẹ fetí sí bó ṣe ń dáhùn fóònù náà. Kọ́sítọ́mà pè, ọ̀gá wà lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní "mo ti wà lójú ọ̀nà, go-slow ló mú mi." Ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ nìyẹn pẹ̀lú iṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá fi máa dá dúró wọn ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ fún kọ́sítọ́mà mọ́. Ọ̀gá tó bá sì ń ju sípánà lu ọmọ, ẹ má bá a ṣe, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni tó wù yín, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà lórí ìwé, ẹ má ní "bàbá ọ̀rẹ́ mi ni, kò sí wàhálà." Iye ọdún (ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé sábà máa ń lo ọdún 3, àgbàlagbà tó fẹ́ tètè parí lè lo ọdún kan tàbí kó lé díẹ̀, owó tiẹ̀ á kàn pọ̀ jù), owó ìkọ́ṣẹ́ àti bí wọ́n á ṣe san án, ọjọ́ ìsinmi, ta ló máa sanwó ọsibítù tí ọmọ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀gá bá kó kúrò ládùúgbò, ta ló ń ra irinṣẹ́. Oníìdúró á fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà ní fọ́ọ̀mù tiwọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí bèèrè ni owó fírídọ̀mù, ohun mímu, oúnjẹ, owó ẹgbẹ́, fọ́tò, aṣọ, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ ti mọṣẹ́ tán, owó fírídọ̀mù ò sí, á wá máa sin ọ̀gá lọ lọ́fẹ̀ẹ́ títí tí wọ́n á fi rówó ẹ̀, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Ẹ bèèrè ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì máa dá a jọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin, ẹ má lé e sídìí ìrun dídì àti aṣọ rírán nìkan tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wù ú. Sandra Aguebor tí wọ́n mọ̀ sí obìnrin mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní 2004, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin níṣẹ́ náà. Kẹ́ ẹ kàn fi kún ohun tẹ́ ẹ máa wò: ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé tì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé ó máa ń ku òun àti ọ̀gá nìkan lálẹ́, báwo làwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń bá obìnrin tó bá wá tún mọ́tò ṣe sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè gbangba, ẹni tó bá bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.

Ti ìwé ẹ̀rí. Ìwé tí ọ̀gá bá fún yín lọ́jọ́ fírídọ̀mù dáa, ẹ gbé e kọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Ẹ ṣe Trade Test, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe é, ìpele mẹ́ta ló ní, ìkẹta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìkíní ló ga jù. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ilé ìwé, àwọn technical college, ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wà, Èkó ní ti Agídìngbí àti Ìkòròdù, Òṣogbo náà ní, NABTEB, àjọ ìdánwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń ṣe ìdánwò wọn. Ìwé ẹ̀rí NSQ tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó náà wà, ohun tọ́wọ́ yín lè ṣe ni wọ́n ń wò níbẹ̀, torí náà ẹni tí kò kàwé púpọ̀ náà lè gbà á. Oníná tó bá fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì ńlá, ọ̀dọ̀ NEMSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò iná, ló ti máa gba ìwé tiẹ̀. Tẹ́ ò bá lówó ọ̀gá, ẹ lọ bèèrè ní ITF tàbí NDE, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà nípìnlẹ̀ yín, ITF ti wà láti 1971, NDE láti 1986, àwọn méjèèjì máa ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóòrèkóòrè, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ má sanwó fẹ́ni tó ní òun máa bá yín gba fọ́ọ̀mù.

Àwọn tó ń rò ó pé àwọn máa fi iṣẹ́ yìí jápa, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti dé London ẹ máa gbé dírílì lọ́jọ́ kejì. Ní Britain, ibi ìkọ́lé tó pọ̀ jù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú káàdì CSCS wá, ìyẹn káàdì tó ń fi hàn pé ẹ mọ iṣẹ́ àti ààbò ibẹ̀, ti àwọn oníná ni ECS, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ gáàsì inú ilé tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì, òfin ló rú yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ ti máa kó ìwé jọ láti ibí, Trade Test, lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ ti bá ṣiṣẹ́, fọ́tò iṣẹ́ tó ní déètì.

Lẹ́yìn fírídọ̀mù, ẹ má sáré yá ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣe jọ́nímàn, ìyẹn kẹ́ ẹ máa bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́ gbowó, fún bí ọdún kan, lọ́dọ̀ ọ̀gá yín tàbí lọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á máa sanwó fún yín, ẹ̀ ń rí bí wọ́n ṣe ń ṣírò iṣẹ́, ẹ̀ ń mọ ibi tí wọ́n ti ń rajà. Ẹ mọ ọjà yín o: oníná kó mọ Alábà, mẹkáníìkì kó mọ Ládípọ̀, mẹkáníìkì ará Ìbàdàn kó mọ ọjà Gate. Owó jọ́nímàn yẹn ni kẹ́ ẹ máa fi ra irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ ra ojúlówó ẹ̀, ẹ yá èyí tẹ́ ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni owó ọjà. Kọ́sítọ́mà fún un lówó wáyà, ó fi san owó ilé ìwé ọmọ, ó ń retí owó kọ́sítọ́mà mìíì kó fi ra wáyà ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń lọ títí orúkọ á fi bàjẹ́. Ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́, ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà sórí ìwé pẹ̀lú iye àti bó ṣe tóbi tó, tó bá ṣeé ṣe kí kọ́sítọ́mà tẹ̀ lé yín lọ rà á tàbí kó san án tààrà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ sọ owó iṣẹ́ yín tán pátá kẹ́ ẹ tó gbé òòlù. Ẹ má fi owó iṣẹ́ pamọ́ sínú owó ọjà, wọ́n máa ń mọ̀, kódà tí wọn ò bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ènìyàn wa máa ń kùn pé àwọn ará Kútọnu àti Togo ti gba iṣẹ́ táìsì àti POP tí wọ́n fi ń ṣe sílìn lọ́wọ́ wa l'Ékòó. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀ nídìí ẹ̀, àwọn onílé gan-an ló sì ń bèèrè wọn. Ohun tí àwọn onílé ń sọ ni pé wọ́n á dé nígbà tí wọ́n ní àwọn máa dé, wọ́n á sì fara balẹ̀ sí igun. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí Kútọnu wà, ìjọba máa ń ṣe ìdánwò fáwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á fún wọn ní ìwé tí wọ́n ń pè ní CQM. Dípò ká máa bínú, ká kọ́ èyí tó dáa lára wọn, àwọn ọmọ wa náà mọ̀ ọ́n ṣe tí wọ́n bá rí ẹni kọ́ wọn.

Ẹni tó níṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ tó fẹ́ kọ́ kún un, ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ pé ọjọ́ Sátidé àti ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń ráyè, àwọn kan á gbà. Ó máa pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa fi ebi kọ́ṣẹ́.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ káwọn tó máa kọ́ iṣẹ́ iná àti pọ́lọ́ńbà fi sọ́kàn látìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ẹ fi fóònù ya gbogbo ibi tí páìpù bá gbà, kẹ́ ẹ na tépù sí i kó hàn nínú fọ́tò pé ó jìnnà sí igun tàbí sí ilẹ̀ tó báyìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp, ẹ sì fi tiyín pamọ́ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò àti ọdún. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbé tẹlifíṣàn kọ́ sára ògiri tí kò mọ ibi tó lè lu, ẹ̀yin ló máa pè, iṣẹ́ mìíì á sì bá ìpè yẹn wá.